Orí Ìjàpá Ló Jẹ́rìí: Àlọ́, Àkọtọ́ àti Akọ́bẹ̀rẹ̀ Ìwé Kíkà ní Agbègbè Atakpamé

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ fi hàn pé àlọ́ Ìjàpá jẹ́ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó bá akọ́bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà mu, kí n sì ṣàlàyé ohun tó ya àlọ́ tí a tẹ̀ ní Nàìjíríà nípa sí ọmọ tó ń sọ Ifẹ̀, tí wọ́n tún ń pè ní Àná, ní Atakpamé.

Nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, òǹkàwé àti Lápàdé ni wọ́n jọ ń wá ọ̀daràn. Nínú àlọ́, a ti mọ olè kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Bí àṣírí yóò ṣe tú la ń retí. Ẹ wo àwọn ẹ̀rí rẹ̀: eérú tó ń jò láti inú àpò tí wọ́n dá lu, ère tí wọ́n fi àtè kùn, tó di olè mú lóko, àsáró gbígbóná tí Ìjàpá dà sínú fìlà nílé àna rẹ̀, tó sì fi dé orí títí orí fi pá. Orí afurasí fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí takò ó. Ọmọdé á rẹ́rìn-ín, á sì kọ́ bí a ṣe ń tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀. Nítorí pé ó ti gbọ́ àlọ́ náà rí, tí orin rẹ̀ sì ń padà wá, ó lè fojú sí lẹ́tà kó sì máa méfò ọ̀rọ̀ tó kàn.

Kí ló wá fa ìdíwọ́? Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875 fìdí ẹ àti ọ múlẹ̀ nínú àkọtọ́ Yorùbá. Ní 1884, Jámánì gba etíkun Tógò; lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, apá tí Atakpamé wà bọ́ sọ́wọ́ Faransé, èdè Faransé sì di èdè ilé-ìwé. Àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ ti 1975 mú Èwé àti Kabiyè wọ kíláàsì. Ifẹ̀ kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà Ifẹ̀ wá bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ bíi ACATBLI ní Atakpamé, lẹ́tà ɛ àti ɔ sì ni wọ́n ń lò.

Ṣùgbọ́n pípa ẹ dà sí ɛ nìkan kò tó. Ìwé Yorùbá tí a pààrọ̀ lẹ́tà rẹ̀ kò tíì di Ifẹ̀. Èrò mi ni pé kí apàlọ́ Ifẹ̀ pa á bí wọ́n ti ń pa á nílé, kí a sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà náà ni ọmọ yóò lè fi èdè ìyá rẹ̀ mú olè.