Bí Kọ́ìlì Bá Fẹ̀ Sí I

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí àwọn àgbà bá ń parí ìjà láàárín bàbá àti ọmọ, tàbí tí wọ́n bá ń kìlọ̀ fún ọ̀gá pé kó má fojú tín-ín-rín ọmọ iṣẹ́, òwe yìí ni wọ́n máa ń fà yọ. Ohun tí wọ́n ń fi sọ ni pé kò sẹ́ni tí kò nílò ẹlòmíràn. Ìtumọ̀ yẹn tọ̀nà, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú òwe náà tí a kì í sábà dúró lé. Títóbi tó jẹ́ kí ọwọ́ àgbàlagbà tó pẹpẹ, òun náà gan-an ni kò jẹ́ kó ráyè wọ ẹnu kèrègbè. Ibì kan ṣoṣo ni àǹfààní àti àléébù náà ti wá, ẹni tó bá gba ọ̀kan ti gba èkejì mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ yìí bá iṣẹ́ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wá irin, owó àtijọ́ tàbí wúrà nínú ilẹ̀ mu gan-an. Kọ́ìlì ni àwo pẹrẹsẹ tó wà ní ìdí ọ̀pá ẹ̀rọ náà, èyí tí wọ́n ń fì sọ́tùn-ún sósì bí wọ́n ti ń rìn. Èyí tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé iṣẹ́ sábà máa ń fẹ̀ tó ínṣì 9 sí 11. Kì í pẹ́ tí ẹni tó ra ẹ̀rọ fi ń gbọ́ pé ti ínṣì 15 wà, pé ti 18 náà wà, pé àwọn kan tiẹ̀ ń gbé ti ínṣì 25 kiri ní Ọsirélíà. Ọkàn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí i. Èrò rẹ̀ ni pé bí kọ́ìlì bá ṣe fẹ̀ tó ni yóò ṣe ríran jìnnà tó nínú ilẹ̀. Ìdajì òtítọ́ ni, ìdajì yìí ló sì ń ná ọ̀pọ̀ èèyàn lówó.

Wáyà bàbà tí wọ́n yí po lọ́pọ̀ ìgbà ló wà nínú àwo yẹn. Bí iná mànàmáná tó ń yí padà lemọ́lemọ́ bá ń gba inú wáyà náà kọjá, agbára òòfà yóò máa jáde lára rẹ̀ wọ inú ilẹ̀. Ohun onírin tó bá kàn, ìbáà ṣe ìṣó, ìbáà ṣe òrùka wúrà, iná wẹ́wẹ́ kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lára rẹ̀. Iná wẹ́wẹ́ yẹn yóò tú agbára òòfà tirẹ̀ jáde, kọ́ìlì yóò gbà á padà, ẹ̀rọ yóò sì sọ ọ́ di ohùn létí ẹni tó mú un lọ́wọ́.

Ìmọ̀ náà ti pẹ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1881, wọ́n yìnbọn fún James Garfield, Ààrẹ Amẹ́ríkà, ní Washington. Ọta kan kù sínú ara rẹ̀, àwọn dókítà kò sì mọ ibi tó fara pamọ́ sí. Alexander Graham Bell, ẹni tí tẹlifóònù ti sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ṣe ẹ̀rọ oníkọ́ìlì kan, ó sì gbé e wá síbi ibùsùn Ààrẹ lẹ́ẹ̀mejì. Kò rí ọta náà. Willard Bliss tó ṣe olórí àwọn dókítà kò gbà kí wọ́n wá a kọjá apá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ apá òsì ni ọta wà. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: sípíríǹgì irin wà nínú ibùsùn tí Garfield dùbúlẹ̀ lé, àwọn náà sì ń dá ẹ̀rọ lóhùn. Ààrẹ kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án. Ẹ̀rọ Bell ń ṣiṣẹ́ o. Irin tó wà ní àyíká ohun tó ń wá ló dà á láàmú, ìyọnu yìí kan náà ló sì ń bá ẹni tó bá so kọ́ìlì ńlá mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ lónìí.

Kí ló dé tí jíjìn fi ṣòro tó bẹ́ẹ̀? Ká ní ohun kékeré kan wà nísàlẹ̀ níbi tó jìn ju fífẹ̀ kọ́ìlì lọ dáadáa, tí a wá rì í wọlẹ̀ ní ìlọ́po méjì ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Agbára òòfà tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò já wálẹ̀ di ìdá kan nínú 8. Èyí tí òun náà ń dá padà yóò tún já di ìdá kan nínú 8 kó tó dé òkè. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ 8 jẹ́ 64, nítorí náà ohùn tó kù fún etí láti gbọ́ kò ju ìdá kan nínú 64 ti àkọ́kọ́ lọ.

Ibí ni kọ́ìlì ńlá ti ń ṣe bẹbẹ. Bí iná àti iye ìgbà tí wáyà yí po kò bá yí padà, tí a sì sọ fífẹ̀ kọ́ìlì di ìlọ́po méjì, agbára òòfà tó ń dé ìsàlẹ̀ jíjìn yóò di ìlọ́po 4. Ṣùgbọ́n láàárín kọ́ìlì náà gan-an, níbi tó súnmọ́ ilẹ̀, agbára yẹn yóò dín kù di ìdajì, nítorí pé ó ti tàn ká ibi tó fẹ̀. Ohun tínńtín tó wà lókè ilẹ̀, tí kọ́ìlì kékeré ì bá gbọ́ ketekete, lè sá mọ́ kọ́ìlì ńlá lójú pátápátá.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí olùrà bi ara rẹ̀ ni bí ohun tó ń wá ṣe tóbi tó. Ní ọdún 2012, ọkùnrin méjì rí owó àtijọ́ bíi 70,000 ní Grouville, ní erékùṣù Jersey, lẹ́yìn tí wọ́n ti wá a fún nǹkan bí 30 ọdún. Àwọn ẹ̀yà Coriosolites, tó gbé ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé láyé Julius Caesar, ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Owó náà ti lẹ̀ mọ́ra di òkìtì kan, ó sì jìn ju mítà kan lọ. Bó bá ṣe owó ẹyọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò sí kọ́ìlì tí èèyàn lè fọwọ́ kan gbé tí yóò gbúròó rẹ̀. Àmọ́ lójú ẹ̀rọ, 70,000 tó dì pọ̀ jẹ́ irin ńlá kan, irú ohun bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni kọ́ìlì tó fẹ̀ wà fún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti wúrà ilẹ̀ Ọsirélíà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1980, nítòsí Kingower ní ìpínlẹ̀ Victoria, òkúta wúrà tí wọ́n sọ ní Hand of Faith jáde. Ó wúwo ju kílógíráàmù 27 lọ, bíi sẹ̀ǹtímítà 30 péré ló sì wà nísàlẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wá wúrà ti gbá ojú ilẹ̀ agbègbè yẹn mọ́ léraléra. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń padà sí ojú ibi tí wọ́n ti kó tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú kọ́ìlì tó fẹ̀ ju ti àná lọ, kí wọ́n lè kan àwọn òkúta wúrà ńlá tí ti àná kò gbọ́. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2009, nínú oko kan ní Hammerwich, ní Staffordshire ní Ìlú Ọba, ọkùnrin kan rí ìṣúra wúrà àti fàdákà ti àwọn Anglo-Saxon, èyí tí wọ́n dá iye lé ní mílíọ̀nù 3.285 owó pọ́ùn. Àfọ́kù ohun ọ̀ṣọ́ ara idà ló pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn wẹ́wẹ́, inú erùpẹ̀ òkè tí katakata ti tú ni wọ́n sì wà. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí ìròyìn sọ pé pọ́ùn 2.50 péré ló rà á ló fi rí wọn. Ibi tó wá a sí ló gbè é. Ohun tó tó bẹ́ẹ̀ kéré, tó sì wà lókè bẹ́ẹ̀, kọ́ìlì ńlá kò fi nǹkan kan kún un.

Ojú ilẹ̀ tí irin wẹ́wẹ́ kún ló burú jù fún kọ́ìlì ńlá. Níbi tí ilé àwọn ará Róòmù bá ti wó sí ní Ìlú Ọba, ìṣó ló kún inú oko. Ká sọ pé owó fàdákà kan wà, tí ìṣó méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 15 sí i lọ́tùn-ún àti lósì. Kọ́ìlì ínṣì 6, tí kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, lè gba orí owó náà kọjá lóun nìkan, kí ohùn fàdákà sì jáde gaara. Kọ́ìlì ínṣì 15 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 38, yóò bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹni tó mú un bá ti yí ẹ̀rọ sí ibi tí kò ti ní dá sí ìṣó, ẹ̀rọ lè panu mọ́ lórí owó tí ọ̀gá rẹ̀ ń wá.

Wúrà wẹ́wẹ́ náà ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Fisher ṣe Gold Bug 2 tí iná rẹ̀ ń yí padà nígbà 71,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kọ́ìlì ínṣì 6.5 sì wà lára èyí tí wọ́n ṣe fún un, nítorí pé wóró tínńtín ni wọ́n dìídì fi ń wá. Èyí kan ilẹ̀ wa náà. Ní agbègbè Iléṣà, ní Ìtàgúnmódì àti Igún, púpọ̀ nínú wúrà tí àwọn awakùsà ń fi omi sẹ́ nínú iyanrìn jẹ́ wóró wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá gbé kọ́ìlì ínṣì 18 dé irú ibẹ̀ ti gbé ohun tó lòdì sí iṣẹ́ náà dání.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tún ń sọ̀rọ̀. Yangí pupa tó pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, irin ló sọ ọ́ di pupa bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ sì ń gbọ́ irin yẹn. Kọ́ìlì ínṣì 11 bo ilẹ̀ tó tó sẹ̀ǹtímítà 616 níbùú lóròó, ti ínṣì 15 bo 1,134, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Bí ilẹ̀ tí ń dáhùn ṣe ń pọ̀ sí i ni ariwo ń pọ̀ sí i, ohùn wúrà yóò sì rì sínú rẹ̀. Lórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó so kọ́ìlì ńlá mọ́ ẹ̀rọ ní láti tún ẹ̀rọ mú bá ilẹ̀ mu lákọ̀tun, kó sì dín agbára ìgbọ́ràn rẹ̀ kù. Ìgbà mìíràn wà tí dídín yẹn máa ń gba gbogbo jíjìn tó torí rẹ̀ náwó. Iyanrìn etí òkun tó tutù ń hu ìwà yìí nítorí iyọ̀, wáyà iná ńlá tó gba òkè kọjá náà ń kó ariwo ba kọ́ìlì tó fẹ̀ ju èyí tó kéré lọ.

Ohun tí kò sẹ́ni tó lè gbà lọ́wọ́ kọ́ìlì ńlá ni pé ó ń mú iṣẹ́ yá. Ẹni tó ń rìn lórí ìlà mítà 100 pẹ̀lú kọ́ìlì sẹ̀ǹtímítà 28 yóò fì í tó ìgbà 357 bí kò bá fẹ́ fo ibì kankan. Pẹ̀lú ti sẹ̀ǹtímítà 38, 263 ti tó o. Nínú oko gbalasa tí kò sí pàǹtírí irin, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Àmọ́ apá ló ń san owó rẹ̀. Ìdí ọ̀pá ni kọ́ìlì wà, ó jìnnà sí ọwọ́, gíráàmù mélòó kan tí a fi kún ibẹ̀ sì ń wúwo lọ́wọ́ ju bí òṣùwọ̀n ṣe wí lọ. Àwọn tó ń lo ínṣì 15 sókè láti àárọ̀ dalẹ́ sábà máa ń fi bẹ́líìtì àti okùn tó ń nà gbé e kọ́ èjìká.

Irú kọ́ìlì náà ṣe pàtàkì tó fífẹ̀ rẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní DD, wáyà méjì tó rí bíi lẹ́tà D kẹ̀yìn síra, wọ́n sì gorí ara wọn díẹ̀ ní àárín. Ó ń fara da ilẹ̀ onírin ju èyí tí òrùka kan wà nínú òrùka kejì lọ. Kí a má sì gbàgbé pé kọ́ìlì ẹ̀rọ kan kì í ṣe ti ẹ̀rọ gbogbo. Bí ẹnu wáyà tiẹ̀ wọlé síra, bí wáyà inú kọ́ìlì kò bá bá ohun tí ẹ̀rọ ń retí dọ́gba, jíjìn tí olùrà ń wá kò ní sí níbẹ̀. Kí ó béèrè orúkọ àti ìran ẹ̀rọ náà gan-an kó tó sanwó.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kọ́ìlì kékeré ló yẹ kó ṣe ìkejì èyí tó bá ẹ̀rọ wá. Ibi tí èèyàn ti gbé rí, ibẹ̀ náà ni irin wẹ́wẹ́ ti pọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ń wá. Ńlá lè tẹ̀ lé e nígbà tí oko gbalasa tàbí ilẹ̀ wúrà tí kò ní ariwo bá yọjú. Òfin tún wà ńbẹ̀. Ní Ìlú Ọba, òfin ọdún 1996 lórí ìṣúra fún ẹni tó bá rí i ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ìjọba. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1979 tó dá àjọ àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ kò fàyè gba wíwa ilẹ̀ nítorí ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí a bá fi ìkánjú hú nílẹ̀ Ifẹ̀ tàbí Ọ̀yọ́-Ilé, ìtàn tó yí i ká ti bàjẹ́ nìyẹn.

Orílẹ̀-èdè Laos ni èèyàn ti lè rí kọ́ìlì ńlá lẹ́nu iṣẹ́ tó tọ́ sí i jù. Láàárín ọdún 1964 sí 1973, Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù tó lé ní mílíọ̀nù méjì tọ́ọ̀nù sí ibẹ̀, ọ̀pọ̀ kò sì bú gbàmù. Lára ohun tí àwọn tó ń tú wọn jáde ń lò ni kọ́ìlì onígun mẹ́rin tó fẹ̀ débi pé èèyàn méjì ló ń gbé e, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, tí wọ́n á jọ máa rìn jẹ́jẹ́ gba orí oko kọjá. Kọ́ìlì bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ àfọ́kù irin wẹ́wẹ́ tó kún ilẹ̀ náà, àìgbọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì fẹ́, kí bọ́ǹbù tó rì jìn lè dáhùn lóun nìkan. Bó bá dáhùn, wọ́n á fi àmì sí ibẹ̀, ẹlòmíràn á sì mú ẹ̀rọ oníkọ́ìlì kékeré wá láti tọ́ka sí ojú ibi tó wà gan-an kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ilẹ̀.