Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Bí iṣẹ́ méjì bá wà tí kò yẹ kí wọ́n pàdé nínú ilé kan lọ́jọ́ kan náà, iṣẹ́ aránṣọ àti iṣẹ́ bíríkìlà ni. Ọ̀kan ń wá ìmọ́tótó, èkejì ń da eruku sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe bá a gan-an nìyẹn ní ọjọ́ Sátidé kan tí mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi ní ilé bàbá wọn ní Pópó Àgùdà, ní Erékùṣù Èkó. Ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn bíríkìlà ń fi òòlù lu ògiri gbì-gbì-gbì. Nísàlẹ̀, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ ìyàwó dúró lórí àpótí, ẹ̀gbọ́n bàbá ọ̀rẹ́ mi, ìyá arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, sì ń fi píìnì há kábà funfun mọ́ ọn lára. Ọwọ́ ni màmá fi rán kábà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí òòlù bá ti dún lókè, tí eruku bù lulẹ̀, màmá á sáré fa aṣọ ìbùsùn bo ọmọ náà látorí délẹ̀. Bí eruku bá rọlẹ̀, á tún ṣí i, iṣẹ́ á máa bá a lọ.

Kò pẹ́ ni olórí bíríkìlà sọ̀ kalẹ̀. Ó ní fèrèsé ìgbàlódé tí wọ́n rà kò gba ojú fèrèsé àtijọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fọ́ òkè rẹ̀ tó tẹ̀ bí òṣùmàrè, pẹ̀lú gbogbo òdòdó tí wọ́n mọ sí i lára, kí ó lè di onígun mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ mi ti fẹ́ sọ pé kó máa fọ́ ọ, ni màmá bá yọ píìnì kúrò lẹ́nu.

"Ẹ dúró ná. Bí kábà yìí bá fún ọmọ yìí láyà, ṣé àyà ọmọ la ó gé, àbí a ó tú aṣọ?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bíríkìlà ní, "Màmá, ẹ má bínú, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni mò ń ṣe." Màmá dá a lóhùn pé, "N kò bá ọ jà, ọmọ mi. Ìyá mi ló kọ́ mi ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ìyá tirẹ̀ ló kọ́ òun náà. Ọkọ ìyá yẹn ló rẹ́ ògiri tí ìwọ fẹ́ fọ́ yìí."

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé. Nítorí bí a bá yẹ ìtàn Èkó wò dáadáa, a ó rí i pé bí ó ti rí nínú ẹbí ọ̀rẹ́ mi náà ni ó rí nínú ìlú: kábà àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláràbarà, ọwọ́ àwọn ènìyàn kan náà ni wọ́n ti wá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Kì í ṣe pé ìhòòhò la wà, tàbí pé ìta là ń sùn tẹ́lẹ̀. Àwọn aránṣọ wa ti ń fi abẹ́rẹ́ so fọ́nrán òfì tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ di agbádá, dàńdógó àti ṣòkòtò kẹ̀m̀bẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Àwọn mọlémọlé wa náà ń gbé amọ̀ lé amọ̀ ní ìpele-ìpele, wọ́n á dúró kí ìpele kan gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Koríko bẹẹrẹ tàbí ewé gbòdògì ni wọ́n fi ń bo òrùlé. Ní Ọ̀yọ́, ọdún gidi ni wọ́n fi ń ṣe kíkó bẹẹrẹ wá sí ààfin Aláàfin fún àtúnṣe òrùlé, tìlù-tìjó, tẹ̀ṣọ́-tẹ̀ṣọ́. Ẹ ò rí i pé àtúnṣe ilé àti wíwọ aṣọ ńlá ti mọ ara wọn tipẹ́? Ṣùgbọ́n ìró tí obìnrin wa ń ró, ara ni wọ́n ń dì í mọ́, kò sí pé à ń gé e bá ìbàdí. Aṣọ tí wọ́n gé bá èjìká, bá àyà, bá ìdí, tí a gbọ́dọ̀ wọ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta kó tó parí, àwọn tó ti òkè òkun dé ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ojoojúmọ́ l'Ékòó.

Àwọn wo nìyẹn? Ẹ rántí ogun tó tú ilẹ̀ Yorùbá ká ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí Ọ̀yọ́ Ilé fi di ahoro. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ wa lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì àti Kúbà. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, Freetown ni wọ́n kó wọn lọ, àwọn la wá ń pè ní Sàró nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé ní bíi 1839. Àwọn tó dé Bùràsíìlì ni ọ̀rọ̀ tiwọn le jù. Ní oṣù January 1835, àwọn Mùsùlùmí tó jẹ́ ẹrú àti òmìnira ní Bàhíà, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dìde ogun sí àwọn olówó wọn. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, ìjọba sì gbógun ti ẹni dúdú tó ti gba òmìnira, débi pé ọ̀pọ̀ wọn wọ ọkọ̀, wọ́n padà sí Áfíríkà. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó ní 1851, tí wọ́n sì gba ìlú náà ní 1861, àwọn tó ń bọ̀ tún pọ̀ sí i. Ọdún 1888 ni Bùràsíìlì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òpin sí oko ẹrú. Àwọn tó padà wá wọ̀nyí là ń pè ní Àgùdà.

Kí ni wọ́n gbé bọ̀? Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ní ìlú ńlá Bàhíà, olówó ẹrú a máa rán ẹrú rẹ̀ jáde lọ ṣiṣẹ́ gbowó. Ẹrú á dá iye kan padà fún olówó, èyí tó bá ṣẹ́kù ni yóò máa tọ́jú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ra ara rẹ̀ padà. Ọkùnrin ń ṣe bíríkìlà, káfíńtà àti télọ̀. Obìnrin ń ránṣọ, ó ń fọṣọ, ó ń ta oúnjẹ. Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ: ẹlòmíràn nínú wọn, abẹ́rẹ́ ló fi ra ara rẹ̀, ẹlòmíràn, irin ìrẹ́lé ló fi rà á. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ nínú ìyà ni wọ́n fi ṣe Èkó lọ́ṣọ̀ọ́.

Ẹ rìn láti Campos dé Òpópónà Bámgbóṣé, Igbóṣeré àti Tókunbọ̀, ẹ ó rí èyí tó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ wọn. Ní Òpópónà Kákáwá, João Esan da Rocha, tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré, kọ́ ilé kan tí wọ́n ti ń ta omi kànga, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Water House títí dòní. Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ló ṣe olórí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross àkọ́kọ́ tó parí ní 1881. Nígbà tí Mohammed Shitta Bey fẹ́ kọ́ mọ́sáláṣí, tí wọ́n ṣí ní 1894, ta ló gbéṣẹ́ fún? João Baptista da Costa! Ẹni tó ń jẹ́ Jòhánù Onítẹ̀bọmi ló kọ́ mọ́sáláṣí. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ kò mọ ẹ̀sìn.

Bí ti ilé ṣe rí ni ti aṣọ. Ìyàwó Sàró àti ìyàwó Àgùdà, kábà ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọlọ́rùn gíga, alápá gígùn. Àwọn ọmọbìnrin ń jókòó ti ìyá aránṣọ, wọ́n ń kọ́ṣẹ́. Ọdún 1851 tí ìbọn dún l'Ékòó náà ni Singer gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà dé ọ̀dọ̀ wa, ó ń ké kẹrẹkẹrẹ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀rọ kò lè wọn aṣọ sí ènìyàn lára. Ojú àti ọwọ́ ló ń ṣe ìyẹn.

Ìgbà kan sì dé tí àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó bi ara wọn léèrè pé ṣé aṣọ Òyìnbó yìí bá wa mu. Ní 1894, Pásítọ̀ David Brown Vincent yí orúkọ padà sí Mojola Agbebi, ó sì ń wọ aṣọ Yorùbá lọ wàásù. Ìlú ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Wọ́n tú ibi tó fún, wọ́n gbé ibi tó ṣo. Títí dòní, obìnrin kan náà lè wọ kábà ní àárọ̀ ìgbéyàwó, kó ró ìró kó wọ bùbá ní ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé kí ló dé.

Ilé ni a kò ní sùúrù fún bẹ́ẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó ní 1924. Èyí wà lára ohun tó mú ìjọba dá àjọ tó ń tún ìlú ṣe sílẹ̀ ní 1928. Láti 1955, àjọ náà wó ilé lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ní àárín Èkó, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ṣí lọ sí Sùúrùlérè. Èyí tó ṣẹ́kù, àwa fúnra wa là ń wó o. Ilé Ilojo Bar tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba kéde ní 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni, wọ́n wó o palẹ̀ ní 2016.

N kò ní purọ́ fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé wa: kò rọrùn. Òrùlé ń jò, àwọn ọmọ tó ń pín ogún pọ̀, ilẹ̀ Erékùṣù ti di wúrà. Ẹni tí ilé ń jò lé lórí, òdòdó ara fèrèsé kò lè gba òjò fún un. Ọ̀rẹ́ mi náà kì í ṣe ọ̀tá bàbá rẹ̀. Ó kàn fẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí àna rẹ̀ má sì bá ilé ní wúruwùru ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ilé tuntun pọ̀ l'Ékòó. Àkísà wa ló ń tán lọ.

Nígbà tí mo padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, káfíńtà arúgbó kan ń wọn pákó sí ojú fèrèsé náà. Ó gbé e síbẹ̀, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó fá a díẹ̀, ó tún gbé e padà, gẹ́gẹ́ bí màmá ti ń ṣe pẹ̀lú kábà. Owó rẹ̀ ju ti fèrèsé ìgbàlódé lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní òun ti sọ fún ọ̀kan nínú àwọn onílù méjì tí òun pè pé kó má wulẹ̀ wá mọ́. Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń tú ojú ìrán abẹ́ apá kábà, ó sì ń rán an padà, nítorí ọmọ ìyàwó ti sanra díẹ̀.

Ìwọ tó jogún irú ilé bẹ́ẹ̀, kí o tó gbé òòlù, kọ́kọ́ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́. Aṣọ ìgbéyàwó, ọjọ́ kan la ó wọ̀ ọ́. Ilé tí a ti wọ̀ ọ́ jáde, ibẹ̀ la ó padà sí.