Ọmọ Ọsàn àti Pónpó: Epo Rọ̀bì Nínú Ọ̀rọ̀ Ogun

"Ọmọ ọsàn ní ń kó pónpó bá ìyá rẹ̀." Ẹni tó ń ju pónpó sókè kò bá igi jà. Èso tó pọ́n lórí ẹ̀ka ló wọ̀ ọ́ lójú, igi ló sì ń gba ọgbẹ́. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ogun nílẹ̀ yìí, a máa ń dárúkọ ẹ̀yà, a máa ń dárúkọ olórí ológun, àmọ́ a kì í sábà béèrè èso tí wọ́n ń wò.

Otor-Udu, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Udu lẹ́bàá Warri, wà lórí ilẹ̀ Urhobo tó bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀: epo rọ̀bì. Kí ọdún 1967 tó dé, Shell-BP ti ń fa epo ní ìhà Ughelli, tí kò jìnnà síbẹ̀. Epo yìí kò gba Warri jáde. Ọ̀pá ló ń gbé e sọdá Odò Ọya lọ sí èbúté Bonny, ní Ìlà Oòrùn. Ohun tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí Bonny, ó ti kan Ughelli.

N kò ní sọ pé epo ló dá ogun abẹ́lé sílẹ̀. Ìfipágbàjọba méjèèjì ọdún 1966, ìpakúpa tí wọ́n pa àwọn Igbo ní Àríwá, àti àdéhùn tí ìjọba àpapọ̀ àti Ìlà Oòrùn ṣe ní Aburi tó fọ́, ìwọ̀nyí tó láti da ilé rú. Ṣùgbọ́n epo ní ọwọ́ nínú ìgbà tí ogun náà bẹ̀rẹ̀, nínú àwọn ibi tí wọ́n tètè kọjú sí, àti nínú ẹni tó ta ìbọn fún àwọn tó ń jà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967, Gowon, olórí ìjọba ológun àpapọ̀, pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Ìpínlẹ̀ Rivers tuntun sì yọ Bonny kúrò lábẹ́ Enugu, olú ìlú Ìlà Oòrùn. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, Ojukwu, gómìnà ológun Ìlà Oòrùn, kéde Biafra ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀. Ta wá ni Shell-BP yóò san ìṣákọ́lẹ̀ fún? Ojukwu ní òun ni. Ilé iṣẹ́ náà gbà láti san 250,000 pọ́n-ùn fún un ná. Gowon kò gbà: ó ní ọkọ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ gbé epo kúrò ní Bonny mọ́. Ìbọn dún ní ọjọ́ 6 oṣù Keje; kí oṣù náà tó tán, ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti gba Bonny. Ní oṣù Kẹjọ, ọmọ ogun Biafra tí Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, ṣáájú wọn sọdá odò, wọ́n gba Benin, wọ́n gba Warri pẹ̀lú.

Ní London, ojú ti ń kán ìjọba Harold Wilson. Ogun Ísírẹ́lì àti àwọn Lárúbáwá ní oṣù Kẹfà ti dí ọ̀nà Suez, epo Nàìjíríà sì ti di ohun tí wọn kò fẹ́ pàdánù. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ní ìpín ńlá nínú BP. Wọ́n rán mínísítà George Thomas sí Lagos kó bẹ Gowon pé kó ṣí ọ̀nà epo, Gowon kọ̀. Ìgbà tí Bonny bọ́ sọ́wọ́ Lagos ni wọ́n tó fi gbogbo ara ti Gowon lẹ́yìn. Òótọ́ ni pé wọ́n bẹ̀rù kí Soviet má gba ipò wọn, àmọ́ àwọn ìwé ìjọba tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn 30 ọdún kò fi ọ̀rọ̀ epo pamọ́. Faransé, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ SAFRAP ní ilẹ̀ epo nínú Biafra, ran Ojukwu lọ́wọ́ láti ìhà Gabon.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ ní Kwale, ní oṣù Karùn-ún 1969. Ọmọ ogun Biafra kọlu àwọn òṣìṣẹ́ AGIP, ilé iṣẹ́ epo Ítálì, níbẹ̀, wọ́n pa 11, wọ́n kó 18 lọ, wọ́n sì dájọ́ ikú fún wọn. Póòpù Paul VI bẹ̀bẹ̀, orílẹ̀-èdè lóríṣiríṣi bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ láàárín oṣù kan. Ó dára tí wọ́n yè. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò yẹn, ebi ń pa ọmọdé Biafra lójoojúmọ́, kò sì sí ìjọba tó fi irú ìyára bẹ́ẹ̀ gba tiwọn rò.

Kí ogun tó parí, òfin epo rọ̀bì ọdún 1969 ti sọ gbogbo epo di ti ìjọba àpapọ̀. Ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń padà sí ẹkùn tí ohun àmúṣọrọ̀ ti jáde nígbà òmìnira. Lónìí, ìdá 13 ni òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fi ṣe ìpìlẹ̀. Urhobo kò sì yapa kúrò lára Nàìjíríà, síbẹ̀ ìdínkù yìí kàn wọ́n.

Pónpó náà kò tíì simi. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ, ará wa ní Òǹdó, wà lórí pèpéle epo Parabe, wọ́n ń bínú sí Chevron, ilé iṣẹ́ epo Amẹ́ríkà. Hẹlikópítà tí Chevron háyà ló gbé sójà àti ọlọ́pàá lọ bá wọn. Ẹni méjì kú. Ilé ẹjọ́ ní San Francisco dá ilé iṣẹ́ náà láre ní 2008, mo sì gba ìdájọ́ náà bó ṣe wà. Síbẹ̀, owó ilé iṣẹ́ ló gbé ìbọn ìjọba débẹ̀, ìyẹn kò sì sí nínú àríyànjiyàn.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fún kò pọ̀. Kí wọ́n ṣe òfin pé gbogbo ilé iṣẹ́ epo gbọ́dọ̀ máa tẹ iye tí wọ́n ná lórí sójà, ọlọ́pàá, ọkọ̀ ojú omi àti hẹlikópítà jáde lọ́dọọdún, kí ará Otor-Udu àti ará Ìlàjẹ lè kà á.