Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Ìtàn Ìdọ̀tí Ọkọ̀ Òkun Probo Koala, láti Amsterdam dé Abidjan

Ìfáàrà

Ní òru ọjọ́ 19, oṣù Ògún, ọdún 2006, àwọn ọkọ̀ táńkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìdọ̀tí olómi jáde láti èbúté Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Inú ọkọ̀ òkun kan tí ń jẹ́ Probo Koala ni wọ́n ti fà á. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òórùn burúkú ti gba ọ̀pọ̀ àdúgbò. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé, ó kéré tán, ènìyàn 15 ni ó bá a lọ, àwọn tí ó sì wá ìtọ́jú lọ sí ilé ìwòsàn lé ní 100,000.

Ọ̀nà méjì ni ìtàn yìí gbà kan Yorùbá. Èkínní, láti ìgbà ìjọba amúnisìn ni àwọn ọmọ Èjìgbò àti àwọn ìlú tó yí i ká ti ń lọ ṣòwò ní Abidjan, tí wọ́n ń bímọ síbẹ̀, débi pé a ń gbọ́ èdè Faransé ní ìgboro Èjìgbò títí dòní. Èkejì, kí ọkọ̀ náà tó dé Abidjan, ó kọ́kọ́ yà sí Èkó.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé wọ́n sọ ìdọ̀tí Probo Koala lórúkọ láìwo ilé tí ó ti wá, àti pé orúkọ yẹn, pẹ̀lú iye owó tí ó so mọ́ ọn, ló pinnu ibi tí wọ́n dà á sí àti àwọn tí ó jẹ ìyà rẹ̀.

Òfin méjì, orúkọ méjì

Kò sí ọkọ̀ òkun tí kì í ní ìdọ̀tí: epo tó kán sí ìsàlẹ̀ yàrá ẹ́ńjìnnì, omi tí wọ́n fi fọ táǹkì, ìgbẹ́, àti pàǹtírí ilé ìdáná. Látijọ́, inú òkun ni wọ́n ń da púpọ̀ nínú rẹ̀ sí. Ní 1954 ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn kan ní London láti dín dída epo sókun kù. Ṣùgbọ́n ní oṣù Ẹrẹ́nà 1967, ọkọ̀ Torrey Canyon forí sọ àpáta ní etíkun Cornwall, ó sì tú nǹkan bí 120,000 tọ́ọ̀nù epo rọ̀bì dà. Ìjàǹbá yìí wà lára ohun tí ó bí àdéhùn MARPOL, tí wọ́n ṣe ní 1973, tí wọ́n tún un ṣe ní 1978, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 2, oṣù Ọ̀wàrà, 1983. Apá méjì ni òfin náà ní. Ó ka dída ìdọ̀tí sókun léèwọ̀ fún ọkọ̀, ó sì gbé e ka ìjọba lórí pé kí èbúté rẹ̀ ní ibi tí yóò ti gba ìdọ̀tí náà lọ́wọ́ ọkọ̀.

Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà wà lára ibi tí òfin kejì ti ṣẹ̀. Láàárín 1987 sí 1988, ẹ̀gbin olóró tó lé ní 3,000 tọ́ọ̀nù wọlé láti ilẹ̀ Ítálì sí èbúté Kókó, ní Ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Àgbàlá onílé kan ni wọ́n háyà tí wọ́n kó o sí. Nígbà tí àṣírí tú, Nàìjíríà fi dandan lé e pé kí wọ́n kó o padà. Ọkọ̀ Karin B àti Deep Sea Carrier ni ó gbé e lọ. Ìjọba ológun sì gbé òfin 42 ti ọdún 1988 jáde láti fi ìyà tó le jẹ ẹni tó bá kó irú ẹ̀gbin bẹ́ẹ̀ wọlé. Irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí ló ti àwọn orílẹ̀-èdè débi Àdéhùn Basel ní 1989. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tún ṣe tiwọn tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Bamako ní 1991. Gẹ́gẹ́ bí Àdéhùn Basel, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀gbin olóró lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn láìkọ́kọ́ fi tó ìjọba ibẹ̀ létí, kí ìjọba náà sì fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n àlàfo kan wà láàárín òfin méjèèjì. Àdéhùn Basel yọ ìdọ̀tí tó bá ti inú iṣẹ́ ojoojúmọ́ ọkọ̀ òkun wá sílẹ̀, nítorí pé MARPOL ti mójú tó o. Nítorí náà, bí wọ́n bá pe nǹkan kan ní omi ìfọ-táǹkì, èbúté lè gbà á bí ó ṣe ń gba ti ọkọ̀ gbogbo. Bí wọ́n bá pe nǹkan kan náà ní ẹ̀gbin iléeṣẹ́, àfi kí wọ́n tọrọ àyè kí ó tó kọjá ibodè.

Ilé tí ìdọ̀tí náà ti wá

Ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì ló ni Probo Koala, àsíá Panamá ni ó ń ta, iléeṣẹ́ olówò epo kan tí ń jẹ́ Trafigura ló sì háyà rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, Trafigura ra epo kan tí wọ́n ń pè ní coker naphtha láti Mẹ́ksíkò. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n rà á, nítorí pé imí-ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó lè tà á mọ́ epo bẹntiróòlù, wọ́n ní láti fi kọ́sítíìkì sódà fọ̀ ọ́. Àwọn tó ń se ọṣẹ nílẹ̀ wa mọ bí a ṣe ń ṣọ́ra fún sódà yìí. Bí ó bá sì ti fa imí-ọjọ́ inú epo mọ́ra, òórùn àti oró rẹ̀ kọjá kékeré. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí ní ibùdó epo kan ní Túnísíà, ṣùgbọ́n ó dúró lẹ́yìn tí òórùn tú jáde. Láti oṣù Igbe, wọ́n gbé e wọ inú ọkọ̀ Probo Koala lórí òkun, ní agbègbè Gibraltar. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìfọ̀ náà tó nǹkan bí kíúbíìkì mítà 528.

Iṣẹ́ iléeṣẹ́ ìfọpo ni èyí. Pé orí omi ni wọ́n ti ṣe é kò sọ ọ́ di iṣẹ́ ojoojúmọ́ ọkọ̀ òkun. Síbẹ̀, omi ìfọ-táǹkì ni wọ́n pè é.

Láti èbúté dé èbúté

Ní ọjọ́ 2, oṣù Agẹmọ, ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí Amsterdam. Iléeṣẹ́ tí ń gba ìdọ̀tí ọkọ̀ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi náà sínú ọkọ̀ tirẹ̀, àfi bí òórùn ṣe gba àyíká, tí àwọn ará àdúgbò sì fi ẹjọ́ sùn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé orúkọ tí wọ́n fún un kò bá ohun tó wà nínú rẹ̀ mu. Iléeṣẹ́ náà wá sọ pé iye tí òun yóò gbà lé ní ìlọ́po 30 iye tí òun kọ́kọ́ dá. Gbogbo rẹ̀ lé ní ìdajì mílíọ̀nù yúrò. Trafigura kò gbà. Wọ́n da ìdọ̀tí náà padà sínú Probo Koala, àwọn aláṣẹ sì jẹ́ kí ó máa lọ.

Ọkọ̀ náà gba Paldiski ní Ẹstóníà, ó kó epo bẹntiróòlù níbẹ̀, ó sì dorí kọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n wá ẹni tí yóò gba ìdọ̀tí náà ní Èkó, ṣùgbọ́n kò bọ́ sí i. Ní Abidjan, iléeṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Compagnie Tommy, tí kò tíì pé oṣù méjì tí ó gba ìwé àṣẹ, fi ìwé àfọwọ́kọ kan ránṣẹ́ pé òun yóò gba dọ́là 35 lórí kíúbíìkì mítà kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀, gbogbo owó náà kò pé 20,000 dọ́là. Iléeṣẹ́ yìí kò ní ibi tí wọ́n ti lè sọ irú ẹ̀gbin bẹ́ẹ̀ di aláìléwu. Ohun tó ní ni ọkọ̀ táńkà tí ó háyà, àti ọ̀nà tó lọ sí Akouédo, ààtàn ńlá ìlú náà. Nígbà tí àwọn ará Akouédo figbe ta nítorí òórùn, àwọn awakọ̀ da ìyókù káàkiri. Ó kéré tán, ibi 18 ni wọ́n dà á sí.

Eérú àti ẹni tó dà á

Òwe wa sọ pé ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Nínú ìtàn yìí, atẹ́gùn fẹ́ gba ibòmíràn. Àwọn mínísítà Côte d'Ivoire kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kejì ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ní oṣù Èrèlé 2007, Trafigura gbà láti san bílíọ̀nù 95 owó CFA fún ìjọba láìgbà pé òun jẹ̀bi, ìjọba sì jáwọ́ nínú ẹjọ́ rẹ̀. Ní 2008, ilé ẹjọ́ Abidjan rán ọ̀gá Compagnie Tommy lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 20, ó sì rán aṣojú ọkọ̀ kan lọ fún ọdún 5. Ní 2009, Trafigura gbà láti san 30 mílíọ̀nù pọ́n-ùn fún nǹkan bí 30,000 ènìyàn tó pè é lẹ́jọ́ ní London, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn kò fojú kan owó náà. Nínú ọ̀rọ̀ àjọsọ tó tẹ̀lé àdéhùn yẹn, wọ́n ní àwọn onímọ̀ kò rí ohun tó so ìdọ̀tí náà mọ́ ikú ẹnikẹ́ni. Ìdúró Trafigura náà sì nìyẹn. Ní 2010, ilé ẹjọ́ Amsterdam bu owó ìtanràn mílíọ̀nù kan yúrò lé e, nítorí pé ó bo ewu ìdọ̀tí náà mọ́lẹ̀, ó sì gbé e jáde lòdì sófin. Ní ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Áfíríkà ní Arusha dá ìjọba Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀ lẹ́bi pé kò dáàbò bo ẹ̀mí àti ìlera àwọn ènìyàn rẹ̀.

Kí a wo bí ẹrù ṣe pín. Ẹ̀wọ̀n bọ́ sọ́rùn àwọn tó wà ní Abidjan. Ẹjọ́ Amsterdam dá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amsterdam. Kò sí ilé ẹjọ́ kan tó gbọ́ ìtàn náà tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun méjì ti yí padà. Láti ọjọ́ 1, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2014, òfin àgbáyé ti ka irú iṣẹ́ ìpèsè tí wọ́n ṣe nínú Probo Koala léèwọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá wà lójú òkun. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọkọ̀ tó bá gúnlẹ̀ ń san owó ìdọ̀tí, ìbáà gbé ìdọ̀tí kalẹ̀, ìbáà má gbé e kalẹ̀. Èyí dín èrè tó wà nínú kíkó ìdọ̀tí kiri kù. Àwọn èbúté Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó nìkan kò tó. Ìwé ìdọ̀tí tí ọkọ̀ ń gbé wá sí èbúté ń sọ orúkọ àti iye. Ìbéèrè tí akọ̀wé èbúté Èkó tàbí ti Abidjan gbọ́dọ̀ bi ọkọ̀ ni èyí tí àwọn àgbà ti bi wá tipẹ́: ilé wo ló ti wá?