Ẹ̀wà Calabar, Họ́mónù àti Ojú Wa

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, bí ẹ bá lọ fi Yorùbá ra gaàrí ní Rye Lane, Peckham, ẹ máa rí ìpara lórí àtẹ. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Bí ẹ bá rí clobetasol níbẹ̀, oògùn ni o, ẹbí cortisone ni, òfin ilẹ̀ yìí kò sì gbà kí wọ́n tà á láìsí ìwé dókítà. Ìjọba ìbílẹ̀ Southwark ti gbé àwọn tó ń ta ìpara ìbóra ní Peckham lọ sí kóòtù. (Ẹ rántí pé “bóra”, bó ara ni, bí a ṣe ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.)

Báwo ni irú oògùn yìí ṣe dáyé? Ọ̀dọ̀ wa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní Calabar, àwọn Efik máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ní ẹ̀wà olóró kan jẹ, esere lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá bì í, ó yè. Ẹ̀wà yìí dé Edinburgh, nígbà tó di 1863, Argyll Robertson fi hàn pé ó ń mú kí ọmọlójú sún kì. Kó tó di 1880, àwọn dókítà ti ń fi physostigmine, oògùn inú rẹ̀, wo glaucoma, àrùn tí agbára omi inú ojú fi ń pa iṣan ìríran díẹ̀díẹ̀, láìdun ni.

Percy Julian, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n kó àwọn òbí rẹ̀ àgbà lẹ́rú, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe physostigmine ní 1935. Nínú òróró ẹ̀wà náà ló ti rí ohun funfun kan, stigmasterol. Nígbà tó yá, ó rí i nínú ẹ̀wà sóyà ní Chicago, ó sì fi ṣe progesterone, họ́mónù obìnrin, lọ́pọ̀ yanturu. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Upjohn lo ẹbí ohun tó ń mú búrẹ́dì bu láti sọ progesterone di ohun tí wọ́n fi ń ṣe cortisone. Bẹ́ẹ̀ ni cortisone ṣe di ọ̀pọ̀.

Bí inú ojú bá wú tó sì pọ́n, oògùn yìí a máa tù ú, ó ti gba ojú ọ̀pọ̀ èèyàn là. Ṣùgbọ́n láàárín 1950 sí 1960, àwọn dókítà rí ẹ̀gbẹ́ kejì: ó ń gbé agbára omi inú ojú àwọn kan sókè, ó sì lè mú kí ojú ṣú bí ìkùukùu. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ̀wà tó fún wa ní oògùn glaucoma náà ló la ọ̀nà fún oògùn tó lè fà á.

Ẹni tó bá ń fi irú ìpara bẹ́ẹ̀ pa ojú láràárọ̀ fún ọdún púpọ̀, tó ń kan ìpéǹpéjú, kò mọ ohun tó ń wọlé. Glaucoma sì wọ́pọ̀ láàárín àwa adúláwọ̀ ju àwọn òyìnbó lọ. Ní England, ẹni tó bá ti pé ọmọ 40 ọdún, tí òbí, ọmọ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ní i, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò ojú rẹ̀. Ẹ bi àwọn màmá àti àǹtí yín bóyá ẹnì kan ní i nínú ẹbí. Àmọ́ ẹni tí dókítà bá fún ní irú oògùn yìí láti máa kán sójú, kó má tìtorí ohun tí mo kọ yìí dáwọ́ dúró. Tiẹ̀ yàtọ̀ jàre, wọ́n ń wọn ojú rẹ̀.