Ère Tí Ó Ń Di Tírélà

Ohun ìṣeré méjì ni ó wà lórí tábìlì ìkọ̀wé mi bí mo ti ń kọ àròkọ yìí. Àbúrò mi kan tí ó lo ìgbà èwe rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí òun náà sì ti ń hu ewú báyìí, ni ó kó wọn wá. Optimus Prime ni orúkọ àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ni irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà fún àwọn ọmọdé Amẹ́ríkà ní ọdún 1984. Èkejì jáde ní 2011 láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Takara Tomy ti ilẹ̀ Japan, àwọn tí ń kó irú wọn jọ sì mọ̀ ọ́n sí MP-10. Orí tírélà pupa ni wọ́n bí a bá ká wọn jọ. Bí a bá sì tú wọn, tí a fa ẹsẹ̀ yọ, tí a yí apá síta, wọn a di akọni onírin tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì. Àbúrò mi ní kí n yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, kí n sọ èyí tí ó dára jù.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èwo lẹ rò pé ó jọ ọ́ jù nínú méjèèjì?"

Mo ní, "Jọ kí ni?"

Ó wò mí bí ẹni tí ó bèèrè ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rin mọ̀. Ó ní, "Jọ ti inú kàtúùnù ni mò ń wí, ẹ̀gbọ́n."

Ìdáhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Ìdí ni pé bí a bá tọ ìtàn ère yìí dé orísun, a óò rí i pé òdì-kejì ni ọ̀rọ̀ náà. Ère ni ó kọ́kọ́ wà. Kàtúùnù ni ó ń wá ọ̀nà láti jọ ère, nítorí pé kí ère lè tà ni a ṣe ya kàtúùnù. Báwo wá ni àwòrán tí a yà láti fi polówó ọjà ṣe di òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ọjà náà? Mo ní láti kọ́kọ́ wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó dá àbúrò mi lóhùn.

Amẹ́ríkà ni ìrìn-àjò ère yìí ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Japan bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Ní 1964, ilé-iṣẹ́ Hasbro gbé ọmọlangidi ológun kan jáde tí wọ́n pè ní G.I. Joe. Ẹ̀rù ń ba àwọn oníṣòwò náà pé bàbá kan kò ní ra ọmọlangidi fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Nítorí náà, wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà léèwọ̀, wọ́n sì dá orúkọ tuntun sílẹ̀ fún un, èyí tí a lè pè ní ère amúṣẹ́ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Takara gba àṣẹ láti máa ṣe ológun yìí ní Japan. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ara rẹ̀ dá àrà mìíràn: ní 1972 wọ́n ṣe é ní ike tí ó mọ́ gaara bí omi, tí a fi lè rí ẹ̀rọ inú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Henshin Cyborg. Henshin ni àwọn ará Japan ń pe ìparadà, ọ̀rọ̀ náà sì gbilẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ wọn nígbà náà nítorí eré Kamen Rider tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn ní 1971. Ní 1974, ère náà kéré sí i, ó di Microman, tí gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ. Láti ìdílé yìí ni Diaclone ti jáde ní 1980. Nínú Diaclone, ọkọ̀ a máa di rọ́bọ́ọ̀tì, ọmọ ènìyàn kékeré tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, tí mágínẹ́ẹ̀tì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, a sì máa jókòó sínú rẹ̀ wà á. Orí tírélà pupa tí ó wà níwájú mi yìí wà lára wọn. Battle Convoy ni orúkọ rẹ̀ ní 1983, kò sì lẹ́mìí rárá. Ọkọ̀ ogun lásán ni.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ awakọ̀ yìí, nítorí pé òun ni ó là mí lójú jù lọ. Nígbà tí Hasbro kó àwọn ère Diaclone wọ Amẹ́ríkà, wọ́n yọ awakọ̀ kúrò, ṣùgbọ́n wọn kò yọ ìjókòó rẹ̀. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Ironhide, ọkọ̀ akérò pupa kan. Akọni ńlá ni nínú kàtúùnù, ó ní orí, ó ní ojú, ó ń bínú, ó ń pa ẹ̀fẹ̀. Ẹni tí ó bá ra ère rẹ̀ ní 1984 kò ní bá orí kankan lọ́rùn rẹ̀. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìjókòó awakọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ àti bébà kékeré tí a ya ojú sí tí a ní kí ọmọ lẹ̀ mọ́ ọn. Orí kò sí nítorí pé àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe é kò rò pé ó nílò orí. Awakọ̀ ni orí rẹ̀.

Ta ni ó fún wọn ní ẹ̀mí? Hasbro gbé iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ Marvel tí ń tẹ ìwé aláwòrán. Jim Shooter, tí ó jẹ́ ọ̀gá àwọn olóòtú níbẹ̀, gbé ìtàn kalẹ̀ nípa ayé onírin kan tí ń jẹ́ Cybertron, níbi tí ìran méjì ti ń bá ara wọn jà. Denny O'Neil ni ó sọ Battle Convoy ní Optimus Prime. Ní òpin ọdún 1983, Bob Budiansky jókòó láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sọ púpọ̀ nínú àwọn tí ó kù lórúkọ, ó sì kọ ìwà, agbára àti àléébù ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sílẹ̀. Èmi tí mo ń fi iṣẹ́ oríkì jẹun mọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Ó ki irin títí irin fi dáhùn. Nígbà tí ó pe olórí àwọn ọ̀tá ní Megatron, Hasbro kọ́kọ́ ṣe iyèméjì pé orúkọ náà ń dẹ́rù bani, pé ó mú ọ̀rọ̀ àdó olóró wá sọ́kàn. Budiansky ní olórí àwọn ẹni ibi ni, ó yẹ kí ó dẹ́rù bani. Wọ́n gbà fún un.

Ọ̀nà tẹlifíṣàn pàápàá ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni. Ó pẹ́ tí Peggy Charren àti ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ní 1968 ti ń jà pé kí a má ṣe sọ àwọn ọmọdé di ọjà fún àwọn olówò. Ṣùgbọ́n ní 1984, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣàn, lábẹ́ Mark Fowler, mú ìlànà tí ó dín ìpolówó kù nínú ètò àwọn ọmọdé kúrò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà gan-an ni kàtúùnù The Transformers bẹ̀rẹ̀. Ní 1990 ni òfin tó tún fi ìwọ̀n sí i. Èmi kò rò pé ó yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí mọ́lẹ̀: ìpolówó gígùn ni kàtúùnù náà. Síbẹ̀, bí a bá dúró síbẹ̀ yẹn nìkan, a kò ní mọ ìdí tí àwọn ọmọ fi sunkún ní 1986.

Kí a tó ya ère sí kàtúùnù, ó di dandan kí a dín ọnà ara rẹ̀ kù, nítorí pé àwọn ayàwòrán Toei ní Japan yóò yà á lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò sì tún un yà lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Shohei Kohara àti, lẹ́yìn rẹ̀, Floro Dery ọmọ ilẹ̀ Philippines, ni wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe tí àwọn yòókù tẹ̀ lé. Wọ́n pa igun rẹ́, wọ́n fi ojú tí ń sọ̀rọ̀ sí i, wọ́n jẹ́ kí orúnkún tẹ̀. Peter Cullen fún Optimus Prime ní ohùn. Ọkùnrin náà ti sọ fún ayé pé ẹ̀gbọ́n òun, ológun tí ó ja ogun Vietnam, ni òun wò sọ ọ́, ẹni tí ó gbà á níyànjú pé alágbára tòótọ́ lè fi pẹ̀lẹ́tù sọ̀rọ̀. Ní ti ẹ̀yìn tírélà, nígbà tí Optimus Prime bá para dà nínú kàtúùnù, ńṣe ni ó kàn ń pòórá. Kò sí ẹni tí ó bèèrè ibi tí ó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá yẹ ti 1984 wò. Ó dúró bí ọlọ́pàá tí ọ̀gá ń kọjá níwájú rẹ̀. Kò lè sáré, kò lè kúnlẹ̀, kò sí ìrìn gidi lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìkúùkù ọwọ́ rẹ̀ kò sí lára rẹ̀ nígbà tí ó bá jẹ́ ọkọ̀. A ó yọ ọ́ sọ́tọ̀, a ó tún un kì bọ̀ ọ́, mélòó mélòó ni ó sì ti sọnù sábẹ́ àga láyé yìí! Ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́wọ́, irin díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìṣísẹ̀ ìparadà rẹ̀ kò sì pọ̀ ju ohun tí ọmọ ọdún mẹ́fà lè há sórí lọ. Ẹ̀yìn tírélà rẹ̀ kò pòórá ní tirẹ̀. Ó ń ṣí, ó ń di ibùdó. Gbogbo ohun tí ọkọ̀ jẹ́ ni ó hàn lára ọkùnrin náà. Ohun tí ó kù, ọmọ a fi ẹnu rẹ̀ ṣe é.

Ní oṣù kẹjọ 1986, fíìmù kàtúùnù náà jáde, Nelson Shin ni ó darí rẹ̀. Kò tí ì pẹ́ tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ tí Optimus Prime fi kú, tí àwọ̀ ara rẹ̀ ṣá di eérú. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ọjà 1984 ti fẹ́ kúrò lórí àtẹ, ọjà tuntun ń bọ̀, wọ́n sì fẹ́ kí olórí tuntun gba ipò. Àwọn ọmọ bú sẹ́kún nínú ilé sinimá. Àbúrò mi wà lára wọn. Ó ní ìyá àwọn ní láti gbé òun jáde. Flint Dille tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ lórí ìtàn náà gbà lẹ́yìn náà pé àwọn kò mọ ohun tí ère náà ti dà lọ́kàn àwọn ọmọ. Ní 1987 wọ́n jí i dìde nínú kàtúùnù. Mo gbà pé ibí yìí gan-an ni òṣùwọ̀n ti yí pa dà. Ẹni tí a ti sunkún rẹ̀ kì í ṣe ọjà mọ́, àwòrán tí ó kú lójú wọn sì ni wọ́n gbé lọ́kàn dàgbà, kì í ṣe ike tí ó wà lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí àwọn ọmọ náà di olówó oṣù, Takara mọ̀ wọ́n. Ní 2003 wọ́n ṣe MP-01, tí ó ga tó nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, tí irin kún inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tà á ní Amẹ́ríkà, wọ́n gé páìpù èéfín rẹ̀ kúrú nítorí ààbò àwọn ọmọdé, nígbà tí ó jẹ́ pé bàbá ọlọ́mọ ni wọ́n ṣe é fún. MP-10 tẹ̀ lé e ní 2011. Èyí ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà márùndínlọ́gbọ̀n, ìkúùkù rẹ̀ ń wọnú apá rẹ̀ lọ, orúnkún rẹ̀ ń tẹ̀, àyà rẹ̀ sì ń ṣí. Ní 2019 ni MP-44 dé, èyí tí ó sún mọ́ àwòrán kàtúùnù ju gbogbo wọn lọ. Mo di ọ̀kan mú nílé àbúrò mi. Ó ju ìdajì wákàtí tí àwa méjèèjì fi ká a, pẹ̀lú ìwé ìtọ́nisọ́nà lórí orúnkún, tí a ń bẹ̀rù kí nǹkan má kán. Nígbà tí ó parí, ó jọ ti inú kàtúùnù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n igun tí àwọn ayàwòrán pa rẹ́ kí iṣẹ́ wọn lè yá ni àwọn oníṣẹ́-ọnà wọ̀nyí ń fi pátákó wẹ́wẹ́ lọ́nà ogún pa rẹ́, kí ó lè jọ ohun tí ìkánjú mú wá.

Ní ilẹ̀ wa níbí, àwọn apidán, eégún aláré tí ń di òjòlá tí ń di ọ̀nì láàárín agbo, ní ìlànà kan tí ó wúlò fún ìdájọ́ yìí. Láti inú ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀ wọ agbo ni wọ́n ti ń yí inú síta. Ọ̀nì náà ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, aṣọ kan náà ni. Bí òǹwòran bá rí i tí apidán gbé nǹkan sọ sẹ́yìn agbo, yóò rẹ́rìn-ín sí i. Bí a bá fi èyí wọ̀n wọ́n, ti 1984 kùnà nítorí ìkúùkù rẹ̀, kàtúùnù kùnà pátápátá nítorí ẹ̀yìn tírélà rẹ̀, MP-44 yege ṣùgbọ́n ó fi aṣọ bo aṣọ. MP-10 ni mo yàn. Ọkọ̀ ṣì hàn lára ọkùnrin náà, ojú ọkùnrin tí àwọn ọmọ sunkún rẹ̀ sì wà lára ọkọ̀. Ó gbọ́ ti ère, ó sì gbọ́ ti àwòrán.

Àbúrò mi kò gbà fún mi. Ó ní àṣìṣe ni mo ṣe, pé MP-44 ni. Lẹ́yìn náà ó sọ fún mi nípa èyí tí ilé-iṣẹ́ Robosen fi hàn ní 2021, tí wọ́n ta ní nǹkan bí ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin dọ́là. Bí a bá ti pàṣẹ fún un, yóò para dà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ohùn Peter Cullen. Mo bi í léèrè pé kí ni ọwọ́ ẹni tí ó rà á yóò wá máa ṣe. Ó ronú díẹ̀, ó ní a ó máa wò ó.

Ìkúùkù ọ̀tún ti 1984 ti já bọ́ sábẹ́ tábìlì láti ìgbà tí mo ti ń kọ ìwé yìí. Mo ní láti tanná wá a kí olóhun tó dé.