Fáàfù Tí Kọ̀ǹpútà Nìkan Jẹ́rìí Sí

Ní Ṣàgámù Interchange, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà Bìní, tọ̀sán-tòru ni táńkà epo ń kọjá. Fáàfù kan yẹ kó wà nísàlẹ̀ táńkà kọ̀ọ̀kan, tí sípíríńgì ń tì í pa látinú, kí epo má baà tú dànù bí páìpù abẹ́ rẹ̀ bá já nínú ìjàǹbá. Lára fáàfù yìí ni mo fẹ́ kí àwọn ẹnjiníà wa ti kọ́ iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ iná núkílíà máa béèrè lọ́wọ́ wọn lọ́la.

Rìáktọ̀ ìwádìí tó wà ní Zaria, NIRR-1, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, kò lè kọ́ wọn níṣẹ́ fáàfù yẹn. Agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílówáàtì 30 lọ. Omi fúnra rẹ̀ ló ń yí po tó ń tù ú, láìsí ẹ̀rọ tó ń tì í, nítorí náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbára lé fáàfù.

Iléeṣẹ́ iná núkílíà Three Mile Island ní Amẹ́ríkà ni ẹ̀kọ́ náà wà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 1979, fáàfù tó ń dín ìfúnpá kù ṣí, kò sì tì mọ́. Iná ara pátákó ìdarí fi hàn pé àṣẹ láti tì í ti lọ, kò fi hàn pé ó ti tì. Omi jò fún ohun tó ju wákàtí méjì lọ, nǹkan bí ìdajì èròjà núkílíà inú rìáktọ̀ sì yọ́. Lẹ́yìn náà ni EPRI, àjọ ìwádìí iná mànàmáná ní Amẹ́ríkà, fi ooru omi, omi, àti àdàlù méjèèjì dán irú fáàfù bẹ́ẹ̀ wò ní ìwọ̀n gidi.

Àdàlù yẹn ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Kọ̀ǹpútà lè fi ibi tí ìfúnpá ti já wálẹ̀ hàn wá, àti ibi tí irin máa ti sán. Ó ń gbà wá lọ́wọ́ rírọ ọ̀pọ̀ fáàfù ká tó rí èyí tó dára. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá sọ fún un nìkan ló ń ṣírò. Ẹni tó bá kọ ooru omi nìkan sínú rẹ̀ kò ní rí ohun tí àdàlù máa ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò ní rí ìpẹtà àti iyanrìn. Kọ̀ǹpútà lè bá wa yan fáàfù. Fáàfù gidi ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí.

Àwọn kan á ní ibi ìdánwò wọ́n. Ti núkílíà wọ́n lóòótọ́. Ti táńkà kò gbà ju omi, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, géèjì àti ọ̀nà láti já páìpù lọ. Rẹ́mọ, níbi tí Ṣàgámù wà, lè gbà á. Kí àwọn ẹnjiníà kọ́kọ́ kọ ìṣirò kọ̀ǹpútà sílẹ̀, kí wọ́n tó já páìpù náà. Bí àbájáde bá yàtọ̀, ìṣirò ni kí wọ́n tún ṣe.